Ìgbín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ológbò sílẹ̀ ná: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya ẹranko kéékèèké

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ológbò ilé wọn ló fẹ́ yà. Ó ti pa ojú rẹ̀ rẹ́, ó ti tún un yà, ó ti tún un pa rẹ́, títí bébà fi fẹ́ lu. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ọwọ́ mi ò gba àwòrán."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kì í ṣe òótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Nínú gbogbo ẹranko tó yí i ká, èyí tó le jù ló mú. Fọ́tò tó ń wò ti tàn án jẹ kó tó fọwọ́ kan bébà. Pẹ́ńsù tó lò sì ń fa ojú bébà ya bó bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ṣi nǹkan mẹ́ta yìí yàn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dán tó, á rò pé òun ò lè yàwòrán láéláé. Ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn ni mo wá tò síbí, kí ẹlòmíràn tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ọ̀kan wé èkejì kó tó yàn.

Ẹranko wo?

| Ẹranko | Ṣé ó ń dúró? | Ibi tó ti rọrùn | Ibi tó ti le |
|---|---|---|---|
| Ìgbín | Ó ń rìn, àmọ́ ọwọ́ yín lè bá a | Ìkarahun rẹ̀ kì í yí padà | Bí ìkarahun ṣe ń lọ́ |
| Ọ̀pọ̀lọ́ | Ó ń dúró pẹ́, lálẹ́ | Ara rẹ̀ rí bí ẹyin kan ṣoṣo | Ìmọ́lẹ̀, àti awọ ara rẹ̀ |
| Aláǹgbá | Ìṣẹ́jú díẹ̀, lójú oòrùn | Ìlà ara rẹ̀ hàn kedere | Ẹsẹ̀ |
| Adìyẹ | Rárá, àfi èyí tó sàba | Ìrísí ẹyin méjì ló pilẹ̀ rẹ̀ | Ìyẹ́ bo gbogbo oríkèé |
| Ológbò | Bó bá ń sùn nìkan | Bó ṣe ń ká ara rẹ̀ jọ | Ojú rẹ̀ |

Ẹ ra ìgbín kan lọ́jà, tàbí kẹ́ ẹ ṣa ọ̀kan lẹ́yìn òjò. Ẹ gbé e sórí àwo, ẹ wọ́n omi sí i lára, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa yọ orí. Ìgbín kì í sáré, kì í fò, kì í bú ramúramù. Bó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, inú ìkarahun náà ló máa wọ̀ lọ, ẹ ó sì máa ya ìkarahun lọ láìdúró. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ jù nìyẹn: ohun líle kan àti ohun rírọ̀ kan wà lára ẹranko kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí ara rírọ̀ yẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ dojú kọ ìkarahun.

Ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbín tí ẹ máa bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òbìrí kan ni wọ́n fi ṣe ìkarahun, pẹ̀lú ìlà kan tó ń yípo nínú rẹ̀. Ìgbín inú ọgbà àwọn òyìnbó ni wọ́n ń yà. Tiwọn kéré, ìkarahun rẹ̀ sì rí roboto. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí i lára ògiri lẹ́yìn òjò, kí wọ́n sì yà á bẹ́ẹ̀. Ìgbín tiwa ga, ó ṣóńṣó lórí, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn, èyí tí ẹnu wà lára rẹ̀, máa ń ju ìdajì gbogbo gíga rẹ̀ lọ. Ẹ mú ìkarahun òfìfo kan, ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ara yín. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni ẹnu náà máa bọ́ sí. Èyí tó máa bọ́ sí òsì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ tún ka ìwo rẹ̀: mẹ́rin ni. Méjì gígùn wà lókè, orí wọn ni ojú wà. Méjì kúkúrú wà nísàlẹ̀, òun ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò tó sì fi ń gbóòórùn. Ẹni tó ya méjì péré kò tíì wo ìgbín, ohun tó rò nípa ìgbín ló yà.

Bí ẹ bá ti ya ìgbín bíi ogún (ẹ má jẹ́ kí iye yẹn bà yín lẹ́rù, ọ̀sẹ̀ kan ti tó), aláǹgbá ló kàn. Òun ni ààyò mi, mi ò lè fi pa mọ́. Ó wà lára fẹ́ǹsì gbogbo ilé, ẹ ò ní náwó kankan. Bí oòrùn bá ti mú, akọ rẹ̀ á gun orí bíríkì, orí rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó lè dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó wá ṣe fìrì, kó lọ. Ẹ má bá a jà. Ẹ pín ojú bébà sí mẹ́fà. Bí ti àkọ́kọ́ bá sá, ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí aláǹgbá mìíràn bá wá dúró bíi ti àkọ́kọ́, ẹ padà sórí èyí tẹ́ ẹ ti pa tì. Kò burú bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò bá parí lọ́jọ́ kan.

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti wo aláǹgbá dáadáa. Ìdí tí inú rẹ̀ fi sún mọ́lẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ara bíi ti ewúrẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹsẹ̀ náà ti yọ, ìgbọ̀nwọ́ sì kọjú síta, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tó wá fọwọ́ tilẹ̀ pé kóun dìde. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ajá lẹ ti yà yẹn. Ìka márùn-ún ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gùn ju ti iwájú lọ. Ní ti ìrù, ó sábà máa ń gùn ju ara lọ, òun ló sì fà á tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí fi ń dé etí bébà kó tó kan ìrù. Kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo, láti imú títí dé ṣóńṣó ìrù, bó ṣe tẹ̀ gẹ́lẹ́. Orí ìlà yẹn lẹ máa wá gbé gbogbo ìyókù lé.

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Alẹ́ ni tirẹ̀. Ẹ lọ bá a lábẹ́ gílóòbù ẹnu ọ̀nà, níbi tí kòkòrò ń já bọ́ sí. Á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ, ẹ ó sì ráyè yà á ju aláǹgbá lọ. Ó ní òkè kékeré kan lẹ́yìn, níbi tí egungun ìbàdí ti ta awọ sókè. Bí òkè yẹn bá ti bọ́ síbi tó yẹ, ẹnikẹ́ni tó bá rí àwòrán náà á mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ìka mẹ́rin ló wà níwájú, márùn-ún lẹ́yìn. Ẹ má ya gbogbo kókó ara rẹ̀. Ẹ ya díẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé, ojú ẹni tó ń wò ó á parí ìyókù fúnra rẹ̀. Ohun tí kò dáa nínú rẹ̀ ni pé bébà yín náà wà lókùnkùn, ẹ ó nílò tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sì fọwọ́ gbé e: oró wà nínú kókó gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, bó bá kan ojú yín, á ta yín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́, ìgbín tàbí aláǹgbá, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Àwọn àgbà tún ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyẹ́ yẹn náà ni kò jẹ́ ká mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tò. Oríkèé tó ṣẹ́ sẹ́yìn tí gbogbo wa ń pè ní orúnkún adìyẹ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Orí ìka ló fi ń rìn. Orúnkún gan-an wà lókè, ìyẹ́ ló bò ó. Bí wọ́n bá gbé odindi ẹsẹ̀ adìyẹ fún yín nínú ọbẹ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́: oríkèé tó wà láàárín itan àti egungun tí ọmọdé ń dì mú, òun ni orúnkún. Látìgbà tí mo ti mọ èyí ni adìyẹ mi ti ń dúró dáadáa lórí bébà. Ìṣòro tó kù ni pé adìyẹ kì í sinmi. Àmọ́ bí ẹnìkan ládùúgbò bá ní àgbébọ̀ tó sàba, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ ń wá. Ọjọ́ 21 ló fi ń jókòó lórí ẹyin, bó bá dìde, kì í pẹ́ kó tó padà. Ẹ jókòó jìnnà díẹ̀ kẹ́ ẹ má baà dẹ́rù bà á.

Kí wá ló dé tí mo fi ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ológbò sílẹ̀? Ojú rẹ̀ ni. Àṣìṣe bíńtín lára ẹsẹ̀ aláǹgbá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ṣùgbọ́n bí ojú ológbò kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta á sọ pé nǹkan kan ń ṣe é. Irun rẹ̀ tún bo èjìká àti ọrùn, ara rẹ̀ ń nà, ó ń sún kì bí ẹni pé kò légungun. Ẹni tó bá fẹ́ràn ológbò débi pé kò ní ya nǹkan mìíràn, kó yà á lójú oorun. Ológbò lè sùn ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́. Nígbà tó bá ká ara rẹ̀ jọ, òbìrí kan, etí méjì àti ìrù tó yí i ká ti tó. Kó fi ojú tó là sílẹ̀ di oṣù mìíràn.

Labalábá lẹ́wà, àmọ́ ó ń yára lọ. Bí ẹ bá rí òkú rẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ wo bí ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe so mọ́ àárín ara, kò sí èyí tó so mọ́ ìdí. Ẹni tó bá ní ìjàpá nílé lè fi rọ́pò ìgbín.

Ààyè ẹranko, àbí fọ́tò?

Èmi ò sọ pé kẹ́ni má lo fọ́tò. Àwọn kan ò ráyè jókòó ti fẹ́ǹsì lọ́sàn-án, aláǹgbá ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí fóònù ń ṣe. Bí a bá gbé e sún mọ́ ojú ẹranko, ohun tó wà níwájú á wú, ohun tó wà lẹ́yìn á kéré. Nínú fọ́tò ológbò tí ọmọ yẹn ń wò, imú tóbi, etí rí tíńtín, ara sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí i, lẹ́yìn náà ló wá ń ṣe kàyéfì pé kò jọ ológbò ilé wọn. Ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó fi fóònù fa àwòrán náà mọ́ra. Kámẹ́rà iwájú, èyí tá a fi ń ya ara wa, tún máa ń yí ọ̀tún sí òsì lójú fóònù.

Ààyè ẹranko ní tirẹ̀ ń fún yín ní ohun tí fọ́tò ò ní: ẹ lè yí i ká. Ẹ lè lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí iwájú ò bá yé yín. Bó ṣe ń mí, ẹ ó rí ibi tí egungun ìhà wà. Ohun tó sì ń gbà lọ́wọ́ yín ni àkókò àti sùúrù, nítorí náà àwòrán tẹ́ ẹ máa mú relé á rí jákujàku. Ìmọ̀ràn mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ya ààyè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi fọ́tò yanjú ohun kan ṣoṣo tó rú yín lójú, bí iye ìka tàbí bí etí ṣe ká. Fídíò dáa ju fọ́tò lọ fún ẹranko tó ń rìn, torí ẹ lè dá a dúró níbi tó wù yín.

Òbìrí, àbí ìlà etí ara?

Ọ̀nà tí fídíò pọ̀ jù fi ń kọ́ni ni òbìrí: ẹ ya òbìrí fún orí, ẹyin fún ara, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ pa ìlà tí kò wúlò rẹ́. Ó ń jẹ́ kí orí àti ara bá ara wọn mu lójú ẹsẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ́ lára á máa fi òbìrí kan náà ya adìyẹ, ehoro àti ológbò, gbogbo wọn á sì dà bí ọmọ ìyá.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ fi ojú tẹ̀ lé etí ara ẹranko náà díẹ̀díẹ̀, bí èèrà tó ń rìn létí àwo, kí pẹ́ńsù máa bá ojú lọ láìwo bébà. Àwòrán tó máa jáde kò ní lẹ́wà. Orí lè má pàdé ọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti rí ẹranko yẹn ju bí ẹ ti rí i rí lọ, mi ò sì tíì rí ọ̀nà mìíràn tó ń la ojú akẹ́kọ̀ọ́ kíá bẹ́ẹ̀.

Èmi ò ní yan ọ̀kan fún gbogbo ẹranko. Adìyẹ àti ológbò tó ń sùn, òbìrí ló yẹ wọ́n. Ìgbín àti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ tẹ̀ lé etí ara wọn. Aláǹgbá, ìlà imú dé ìrù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ na ọwọ́ tán, ẹ di ojú kan, ẹ fi pẹ́ńsù wọn orí ẹranko náà, kẹ́ ẹ wo ìlọ́po mélòó orí yẹn ló wà nínú ara rẹ̀. Ara sábà máa ń gùn ju bá a ṣe rò lọ.

Pẹ́ńsù, bíírò, èédú, fóònù

Dúdú inú pẹ́ńsù kì í ṣe òjé. Gíráfáìtì tí a pò mọ́ amọ̀ ni, ìlànà tí Nicolas-Jacques Conté, ará Faransé, gbé jáde lọ́dún 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le, ìlà rẹ̀ á ṣì. Bí gíráfáìtì bá pọ̀, á rọ̀, á dúdú. Lẹ́tà H tọ́ka sí líle, B sí dúdú, HB wà láàárín. Pẹ́ńsù 2H ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lò, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé. Ìlà rẹ̀ ò hàn, ló bá ń tẹ̀ ẹ́, ohun tá a bá sì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pa rẹ́ tán. Ẹ ra 2B kan. Ó tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. 6B dúdú dáadáa, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín á fi kun gbogbo bébà.

Bíírò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bá pẹ́ńsù pààrọ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ méjì. Kò ṣeé pa rẹ́, nítorí náà ẹ ó wo ẹranko náà lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fa ìlà kan. Àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti fi èyí ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ya ẹyẹ, ẹja àti aláǹgbá sórí aṣọ funfun, kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mu ún. Kò sí ìrésà fún ẹ̀kọ. Ìlà díẹ̀ ni aláǹgbá wọn ní, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá rí i á pè é lórúkọ.

Yíyàn kan tún wà tí kò yẹ ká fò: ṣé ìlà díẹ̀ la máa fà, àbí gbogbo irun la máa yà? Lọ́dún 1502, Albrecht Dürer ará Jámánì ya ehoro kan tó ṣì wà ní Albertina, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí ní Vienna, títí dòní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya irun rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń tàn nínú ẹyinjú rẹ̀. Ọ̀nà kan nìyẹn. Ti aládìrẹ ni ọ̀nà kejì. Bí ọkàn yín bá ń fà sí ìlà àti ọnà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àfi ehoro oníirun ni àwòrán gidi. Ohun kan tí mo máa gbà lọ́wọ́ Dürer fún gbogbo wa ni ìmọ́lẹ̀ ojú yẹn: ẹ fi ibi tíńtín sílẹ̀ ní funfun nínú ẹyinjú, ẹranko náà á jí.

Èédú yẹ ọ̀pọ̀lọ́ alẹ́, ó ń bo ibi tó fẹ̀ ní wàrà. Èédú ìdáná le, ó ń họ bébà. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tá a sun nínú agolo tá a dé pa ló rọ̀. Èédú ò wúlò fún ìwo ìgbín. Ní ti yíyàwòrán lórí fóònù, ìka yín ló máa bo ibi tẹ́ ẹ ń yà, ó sì rọrùn jù láti pa ìlà rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Bébà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọtokópì ti tó. Bébà sìmẹ́ńtì tá a gbọn eruku rẹ̀ dànù náà dáa fún èédú, pàápàá bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀kì funfun tẹ́ ẹ máa fi mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Ìwé tó ní ìlà ni kẹ́ ẹ yẹra fún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìgbín. Lánàá, ó fi ojú ìwé kan ránṣẹ́, ìgbín méje ló wà lórí rẹ̀, bíírò ló fi yà wọ́n. Èyí kẹrin ní ìwo mẹ́rin, ìkarahun rẹ̀ sì ga bó ṣe yẹ. Ẹnu ìkarahun ti karùn-ún wá wà lápá òsì. Mo bi í bóyá ojú fóònù ló ti wò ó, kì í ṣe inú àwo.

"Ẹ ṣe mọ̀, Àǹtí? Ilẹ̀ ti ń ṣú ni, mo fi kámẹ́rà iwájú wò ó." Ó ní òun á tún un yà bóun bá ti ilé-ìwé dé, pé ìgbín náà ṣì wà nínú ike lábẹ́ tábìlì.